Ẹṣin, Iná àti Igbá Omi Gbígbóná: Ìrìn-àjò Mi sí Ilẹ̀ Àwọn Gaúcho

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kẹsàn-án 2025. Porto Alegre

Láti São Paulo tí mò ń gbé ni mo ti wọ Porto Alegre láàárọ̀ yìí, òtútù sì ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé gbogbo Brazil ló móoru, ẹ mú kóòtù dání bí ẹ bá ń bọ̀ níbí nínú oṣù Kẹsàn-án. Ìgbà òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni, bí ẹ̀fúùfù bá sì ti ìhà gúúsù fẹ́ wá, ara a máa gbọ̀n.

Ìpínlẹ̀ Rio Grande do Sul nìyí, ibi tí Brazil parí sí níhà gúúsù, tó bá Uruguay àti Argentina pààlà. Pápá tó tẹ́ lọ rẹrẹ láàárín wọn, tí wọ́n ń pè ní Pampa, kò mọ ẹnubodè. Ẹni tó bá ń fi ẹṣin da màlúù lórí pápá yẹn, ní orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gaúcho ni. Ní ti ìpínlẹ̀ yìí, gbogbo ọmọ bíbí ibẹ̀ ló ń jẹ́ orúkọ náà, títí kan àwọn ará ìgboro tí wọn ò gun ẹṣin rí. Àwọn tó ṣì ń fi ẹṣin àti okùn jẹun ni mo wá rí ní tèmi. Ohun kejì tí mo tún fẹ́ mọ̀ ni ibi tí àwọn aláwọ̀ dúdú wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí gbogbo àwòrán gaúcho tí mo ti ń rí ní São Paulo, òyìnbó ló ń wà lórí ẹṣin.

Ọjà ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Ọdún 1869 ni wọ́n ṣí Mercado Público. Ní oṣù Karùn-ún 2024, omi Guaíba tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú kún wọnú rẹ̀, ó sì ga ju ti ọdún 1941 lọ, èyí tí àwọn àgbà ìlú ti fi ń ka ọjọ́, tó ga tó mítà 4.76. Àwọn òǹtajà ti padà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Òórùn ẹja, kọfí àti ewé gbígbẹ ló gba gbogbo ibẹ̀ kan.

Ní àárín gbùngbùn ọjà, níbi tí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé, wọ́n to òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ ní róbótó, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ojú Bará nìyẹn, Èṣù Ẹlẹ́gbára wa. Àwọn ẹlẹ́sìn Batuque, ẹ̀sìn òrìṣà ti ìpínlẹ̀ yìí, gbà pé àwọn baba ńlá wọn ló rì í mọ́lẹ̀ níbẹ̀ láyé ẹrú. Nínú àwọn ìran tí Batuque pín sí, ọ̀kan ń jẹ́ Oyó, òmíràn ń jẹ́ Ijexá. Ó sì yẹ kí àwa tí a wà nílé mọ èyí: nínú ètò ìkànìyàn 2022, Rio Grande do Sul yìí ló ní ìdá tó pọ̀ jù ní gbogbo Brazil nínú àwọn tó sọ pé ẹ̀sìn ìran Áfíríkà ni wọ́n ń ṣe, ìdá 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ju ti Bahia lọ.

Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mò ń wò. Ọkùnrin oníkóòtù kan ju owó ẹyọ sílẹ̀ láìdúró. Ìyá kan bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó fi kan orí. Ìyá tó ń ta ewé nítòsí ló bi mí léèrè ibi tí mo ti wá. Nígbà tí mo ní ọmọ Yorùbá ni mí láti Nàìjíríà, ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ó ní ilé Ijexá ni wọ́n ti bí òun sínú òrìṣà. Mo fẹ́ ra erva-mate, ewé tí àwọn gaúcho ń mu, lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbowó. Ó ní kí n bá òun kí ilẹ̀ tí mo ti wá. Mo dúpẹ́ títí.

Fún ẹni tó bá fẹ́ rà á: mo rí kílò kan ní ogún réàlì sí márùndínlọ́gbọ̀n káàkiri ọjà náà. Èyí tó bá ṣì tutù yọ̀yọ̀ lójú ni kẹ́ ẹ mú. Èyí tó bá ti pọ́n ti pẹ́ nílẹ̀. Igbá tí wọ́n fi ń mu ún, tí wọ́n ń pè ní cuia, bẹ̀rẹ̀ láti bí ogójì réàlì. Réàlì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀ọ́dúnrún náírà lásìkò ìrìn-àjò yìí.

Lálẹ́, mo yà sí Parque Harmonia, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ gaúcho máa ń pàgọ́ sí ní oṣù Kẹsàn-án lọ́dọọdún. Ahéré onígi lọ́tùn-ún lósì, iná nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àkọ́díọ̀nù ń dún. Mo jẹ ìrẹsì tí wọ́n fi ẹran gbígbẹ sè, arroz carreteiro, ní réàlì márùndínlógójì. Ó yó mi títí di ọjọ́ kejì.

Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kẹsàn-án. Pelotas

Ọ̀nà BR-116 la gbà, nǹkan bí kìlómítà 260. Ọ̀nà náà dán. Pápá ìrẹsì, igbó eucalyptus, màlúù, ẹṣin, títí tí ojú fi sú. Bàbá tó jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì ki fúláàsì omi gbígbóná bọ abíyá, ó di igbá mú lọ́wọ́ kejì, ó ń mu ún lọ. Nígbà tó kan mi, ó gbé e fún mi láìbi mí bóyá mo fẹ́. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Lọ́sàn-án, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Pelotas, tó sì dúdú bíi tèmi, mú mi lọ sí ọ̀kan nínú àwọn charqueada àtijọ́ tó ṣí fún àlejò, lẹ́bàá odò Arroio Pelotas. Ẹran màlúù ni wọ́n ń fi iyọ̀ pa níbẹ̀. Láti 1780, tí ọkùnrin kan tó sá fún ọ̀dá ní Ceará ti dá irú iṣẹ́ náà sílẹ̀ lágbègbè yìí, ni ìlú Pelotas ti bẹ̀rẹ̀ sí í lówó. Wọ́n á la ẹran náà pẹlẹbẹ, wọ́n á fi iyọ̀ rẹ́ ẹ, wọ́n á tò ó lérí ara, wọ́n á máa yí i padà, lẹ́yìn náà wọ́n á sá a sórí igi nínú oòrùn. Ẹrú ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Láti oṣù Kọkànlá ni wọ́n ti ń pa màlúù tí ẹ̀ẹ̀rùn á fi lọ, nígbà tí òtútù bá dé, wọ́n á ní kí àwọn ẹrú kan náà máa mọ bíríkì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára jù ni ibi tí ẹran yẹn ń lọ. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o lọ sí Rio, sí Pernambuco, sí Bahia, láti fi bọ́ àwọn ẹrú oko ìrèké. Bí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó láti Ọ̀yọ́, láti Ìjẹ̀ṣà, láti Kétu ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Bahia, ẹran tí ẹrú ẹlẹgbẹ́ wọn fi iyọ̀ pa níhìn-ín ni wọ́n fi ń jẹun. Mo fọwọ́ kan ògiri náà. N kò lè ya fọ́tò.

Ṣúgà ni àwọn ọkọ̀ náà ń kó bọ̀ láti àríwá, òun ni wọ́n sì fi ń ṣe àwọn nǹkan dídùn tí wọ́n fi mọ Pelotas kárí Brazil. Lálẹ́, a ra quindim, èyí tí wọ́n fi pupa ẹyin, ṣúgà àti àgbọn ṣe. Obìnrin tó tà á fún wa ní Ọ̀ṣun ni wọ́n máa ń gbé e fún nílé òrìṣà, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Réàlì méje ni ẹyọ kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Oṣù Kẹsàn-án. Lórí pápá

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí a fi gbéra. Àbúrò bàbá ọ̀rẹ́ mi ni olórí àwọn adaran ní oko kan lójú ọ̀nà ìlú Bagé. Òun ló pè wá. Ọ̀nà ọ̀dà dára, ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀ mọ́jú, bí a sì ṣe yà sí ọ̀nà oko báyìí ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀. A tì í, kò gbéra. A já koríko sábẹ́ táyà, ńṣe ló túbọ̀ ń wọlé. Àwọn ọmọkùnrin méjì kan tó gun ẹṣin kọjá wò wá, wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n yí padà. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ìró katakata. Bàbá òyìnbó kan ló wà á wá, ó sì ti múra ilé ìjọsìn. Ó fà wá jáde, ó tún ṣíwájú wa títí ẹrẹ̀ fi tán. Nígbà tí a fẹ́ fún un lówó, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní ṣé omi gbígbóná wà lọ́wọ́ wa tí a máa fi pò mate? Èèyàn boni lára ju aṣọ lọ, lóòótọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ sí irú oko báyìí, bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ẹ pe àwọn tó ní oko kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì wọ bàtà òjò.

Bàbá, àbúrò bàbá ọ̀rẹ́ mi náà, ti ń dúró dè wá lẹ́nu géètì. Wọ́n lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, wọ́n dúdú, wọ́n dúró gbọnrangandan. Fìlà ẹlẹ́tí gbòòrò, ṣòkòtò bombacha tó fẹ̀ bíi kẹ̀ǹbẹ̀ tó wá fún lọ́rùn ẹsẹ̀, ọ̀bẹ lẹ́yìn ìbàdí, aṣọ pupa lọ́rùn. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó mọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé mi dìde, wọ́n ní àwọn ti rí èyí rí nílé òrìṣà ìyá àwọn. Aṣọ ọrùn pupa yẹn ní ìtàn tirẹ̀: nínú ogun abẹ́lé 1893, pupa ni apá kan ń dì, funfun ni apá kejì. Títí dòní ọ̀pọ̀ ìdílé ò tíì pa àwọ̀ tiwọn dà.

A ò tíì sọ̀rọ̀ kankan tí mate ti bẹ̀rẹ̀. Mo wo ọwọ́ Bàbá dáadáa. Wọ́n da ewé tí wọ́n ti lọ̀ sínú igbá náà títí ó fi ju ìdajì lọ. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́, ewé náà sì kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ògiri. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dà sí ẹ̀gbẹ́ tó ṣófo, kí ewé lè mu ún. Nígbà náà ni wọ́n fi àtàǹpàkò dí ẹnu irin tí wọ́n fi ń fà á, bomba, wọ́n sì tì í wọlé títí ó fi kan ìsàlẹ̀. Omi tó kàn kò gbọ́dọ̀ hó. Bí ó bá hó, ewé á jóná, adùn rẹ̀ á lọ. Ẹni tó pò ó ló gbọ́dọ̀ mu àkọ́kọ́, nítorí ibẹ̀ ni ìkorò pọ̀ sí jù, kò sì yẹ kí àlejò jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu omi mìíràn sí i, wọ́n sì nà án sí mi, irin rẹ̀ kọjú sí mi.

Ẹ gbọ́ àwọn òfin rẹ̀ kẹ́ ẹ má bàa ṣàṣìṣe. Ẹ má ro irin náà. Ẹ mu ún tán títí yóò fi dún ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀, kò sí ìwà àìmọ̀ọ́jẹ nínú ìyẹn. Ẹni tó pò ó ni kẹ́ ẹ dá a padà fún, ẹ má gbé e fún ẹlòmíràn. Bí ẹ bá dúpẹ́, ó túmọ̀ sí pé ó ti tó yín, wọn ò ní fún yín mọ́. Àwọn Guarani ló ni mímu ewé yìí kí òyìnbó tó dé rárá, Bàbá sì dárúkọ wọn kí wọ́n tó gbé e sẹ́nu.

Ẹṣin Crioulo ni wọ́n fún mi. Kò ga, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ fẹ̀, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Lórí gàárì, wọ́n tẹ́ awọ àgùntàn onírun nípọn, tí wọ́n ń pè ní pelego, wọ́n sì fi ọ̀já dè é. Òun ni adaran ń tẹ́ sùn lórí pápá nígbà kan rí. A jáde lọ kó àwọn màlúù wálé láti ìsàlẹ̀ òkè. Ẹyẹ quero-quero ń ké lé wa lórí, ọkọ àti aya, nítorí orí ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń yé ẹyin sí, wọn ò sì fẹ́ kí pátákò kankan sún mọ́ ọn. Ògòǹgò kékeré ilẹ̀ ibí, ema, sáré kọjá lókèèrè.

Ọmọ màlúù kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún. Bàbá tú okùn kúrò lẹ́yìn gàárì. Awọ tútù ni wọ́n fi hun ún, ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n di èyí tó kù mú ní kíká lọ́wọ́ òsì, wọ́n ń yí ojú okùn lókè orí lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹṣin náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láìjẹ́ pé wọ́n nà án. Nígbà tí okùn kúrò lọ́wọ́ wọn, ojú rẹ̀ ṣì là sílẹ̀ lójú afẹ́fẹ́. Ó bọ́ sọ́rùn ọmọ màlúù náà, ẹṣin dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹlẹ̀, okùn le gan-an. Gàárì ni ìdí okùn so mọ́, kì í ṣe ọwọ́ èèyàn. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ na ọwọ́ rẹ̀ sí mi kí n wò ó: orí àtàǹpàkò rẹ̀ ti lọ, nítorí ó wà láàárín okùn àti gàárì lọ́jọ́ kan nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́. Wọ́n fi oògùn sẹ́sẹ̀ ẹran náà, wọ́n tú u sílẹ̀, ó sì sá tọ ìyá rẹ̀ lọ.

Bí a ṣe ń bọ̀ wálé ni Bàbá sọ̀rọ̀ ara wọn. Ìyá bàbá wọn jẹ́ ọmọ ẹrú charqueada. Bàbá wọn da màlúù, bàbá bàbá wọn náà dà á. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn wà ní ọ̀dọ́, ẹgbẹ́ àṣà kan wà nílùú kan tó ń gbà wọ́n láyè láti tọ́jú ẹṣin lọ́jọ́ àjọ̀dún, ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí wọ́n wọlé jó. Ohùn wọn ò yí padà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Èmi ni inú bí. Iṣẹ́ tí ẹnì kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti ìran dé ìran, kí wọ́n wá yọ ọ́ kúrò nínú ijó rẹ̀! Wọ́n ní ayé ti yí padà díẹ̀, pé àwọn ọmọ-ọmọ àwọn ń jó níbẹ̀ báyìí.

Nípa oúnjẹ, láti ìdájí ni wọ́n ti dáná sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Odindi egungun ìhà màlúù ni wọ́n fi irin gbọọrọ gún, wọ́n ri irin náà mọ́lẹ̀ kó dagun sí iná, ìhà tí egungun wà ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sí ooru. Iyọ̀ oníhóró nìkan ló wà lára rẹ̀. Kò sí ata, kò sí àlùbọ́sà, mo sì rò pé yóò tẹ́ lẹ́nu. Kò tẹ́ rárá. Wákàtí mẹ́fà tí ọ̀rá fi ń yọ́ wọ inú ẹran náà ló ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ata ìbá ṣe. Ẹni kọ̀ọ̀kan fa ọ̀bẹ ara rẹ̀ yọ, ó gé èyí tó wù ú, ó yí i mọ́ fàríńhà ẹ̀gẹ́. Ẹ mú ọ̀bẹ tiyín lọ bí ẹ bá lè mú un. Inú wọn máa ń dùn sí àlejò tó bá lọ́bẹ.

Mo rí àbẹ́là kan tó ń jó lẹ́bàá ògiri ilé ìdáná. Ìyàwó Bàbá ní ti Negrinho do Pastoreio ni, nítorí kọ́kọ́rọ́ kan tó sọnù. Ọmọ ẹrú tó ń da ẹṣin ni, bí wọ́n ṣe ń pa ìtàn náà lórí Pampa. Àwọn ẹṣin sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́, olówó rẹ̀ nà án, ó sì jù ú sórí ilé èèrà. Nígbà tí wọ́n padà lọ, ọmọ náà dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, láìsí ojú ọgbẹ́ kan, Màríà Wúńdíá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo ẹṣin náà sì pé. Láti ìgbà náà ni ẹni tí nǹkan bá sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń tan àbẹ́là fún un. Òyìnbó ń tàn án, dúdú ń tàn án.

Àwọn oko mìíràn wà tó ń gba àlejò tó bá sanwó fún ọjọ́ kan, pẹ̀lú oúnjẹ. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá ẹṣin gígùn wà nínú owó náà, kẹ́ ẹ sì béèrè ẹni tó ń darí ẹ̀yin àti ẹṣin: bóyá adaran ni tàbí ẹni tí wọ́n kàn wọ láṣọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹsàn-án. Pelotas

Ọjọ́ ìsinmi ni lónìí ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án 1835 ni àwọn tó ni oko àti màlúù dìtẹ̀ sí ìjọba ọba Brazil, owó orí lórí charque, ẹran oníyọ̀ yẹn, sì wà nínú ohun tó dá ìjà náà sílẹ̀. Ọdún 1845 ló tó parí. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà ṣèlérí òmìnira fún ẹrú tó bá bá wọn jà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun dúdú tó ń fi ọ̀kọ̀ jà jọ, Lanceiros Negros. Ní 14 oṣù Kọkànlá 1844, nígbà tí àwọn olórí ọlọ̀tẹ̀ ti ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ àlàáfíà, àwọn ọmọ ogun ìjọba ká àwọn Lanceiros mọ́ ibi kan tó ń jẹ́ Porongos, wọ́n sì pa wọ́n ní ìpakúpa. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn bóyá ọ̀gágun tiwọn gan-an ló tà wọ́n. Ọdún 2024 ni wọ́n tó kọ orúkọ wọn sínú ìwé àwọn akọni orílẹ̀-èdè.

Ní òwúrọ̀, ẹṣin kún títì. Àsíá, ìlù, àwọn obìnrin nínú kaba gígùn olódòdó, ọmọdé tí ẹsẹ̀ wọn ò tíì kan ibi ìtẹsẹ̀ gàárì. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún wákàtí méjì. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ kan yọ tí gbogbo wọn dúdú, wọ́n gbé ọ̀kọ̀ gígùn dání, aṣọ pupa lọ́rùn wọn. Bàbá wà ní ìlà kejì. Wọ́n rí mi, wọ́n gbé ọ̀kọ̀ sókè díẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, àwọn tó yí wa ká sì dara pọ̀. Mo pariwo "Ẹ kú iṣẹ́!" lédè wa títí ohùn mi fi há. Ìdáhùn sí ohun tí mo wá bi ilẹ̀ yìí nìyẹn, ó gun ẹṣin kọjá níwájú mi.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, Bàbá sọ fún mi pé àwọn kan máa ń lọ sí Porongos lóṣù Kọkànlá láti rántí àwọn tó kú. Àgbègbè Pinheiro Machado ni ibẹ̀ wà, lójú ọ̀nà Bagé kan náà tí a gbà lánàá. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó wá ọkọ̀ ara rẹ̀, kó ra epo kún un ní Pelotas, kó sì gbé omi àti oúnjẹ dání. Bàbá ní bí mo bá ń bọ̀, ilé àwọn ni kí n sùn. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ láti gba àyè ọjọ́ mẹ́ta.